Èsì: Mo ti gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá, ta ni yóò gbà mí síṣẹ́?

Ọ̀rẹ́ wa, ẹ kú oríire ìwé àṣẹ. Ẹ ní gbogbo ẹni tí ẹ bá ló ń béèrè ìrírí. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ló sábà máa ń fà á: owó tí wọ́n ń san lórí awakọ̀ tuntun máa ń wọ́n. Ẹ má fi lẹ́tà nìkan ránṣẹ́. Ẹ fúnra yín lọ bá ọ̀gá tó ń pín ọkọ̀ fún àwọn awakọ̀ níléeṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ kékeré lọ̀ yín, tàbí iṣẹ́ òru tí àwọn àgbà awakọ̀ ń sá fún (wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ń sá o!), ẹ gbà á. Ẹ fi rìfáàsì tírélà dánra wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdánwò tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fún awakọ̀ sábà máa ń le sí. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kó tó fún yín níṣẹ́, ẹ yẹra fún un.