Mo fẹ́ ṣí yáàdì kọ̀ndẹ́mù n'Iléṣà: ìwé wo ni kí n gbà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ti ọmọlanke kiri Iléṣà, tí mò ń ra irin àlòkù lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì àti lójúlé. Mo ti rí ilẹ̀ háyà báyìí, mo fẹ́ fi ṣe yáàdì tèmi. Wọ́n ní tí mo bá ti gbàwé ní káńsù, ọlọ́pàá ò lè yọ mí lẹ́nu mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn tàn ọ́. Ìwé káńsù dára, gbà á. Àmọ́ ohun tó ń sọ kò ju pé ìjọba mọ̀ pé ibẹ̀ lo ti ń ṣòwò. Kò sọ pé irin tó wà nínú yáàdì rẹ mọ́.

Káńsù tí ilẹ̀ náà bọ́ sí ni wàá lọ, kì í ṣe ti ibi tí ò ń gbé. Ti Ìlà Oòrùn Iléṣà wà ní Ìyẹmògún, ti Ìwọ̀ Oòrùn wà ní Eréjà. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ló fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sí wọn lọ́wọ́, títí kan láísẹ́ńsì ọmọlanke àti bárò. Mú ìwé háyà, NIN àti fọ́tò rẹ dání. Àkáǹtì ìjọba ni kí o sanwó sí, kí o sì gba risíìtì. Wolé-wolé yóò wá wo ibẹ̀: má ṣe dáná sun wáyà torí kọ́pà inú rẹ̀, má sì da omi bátìrì sílẹ̀, nítorí òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ àdúgbò jẹ́.

Tó bá jẹ́ orúkọ rẹ gan-an àti orúkọ bàbá rẹ nìkan lo kọ sára pátákó, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kò di dandan. Tí o bá fi nǹkan mìíràn kún un, o ní láti forúkọ náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 tí o bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ibi tó wúwo jù rèé. Abala 427 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò l'Ọ́ṣun sọ pé ẹni tó bá gba ẹrù olè, tó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò rò pé kí àwọn ṣáà ti sọ pé “mi ò mọ̀” ti tó. Kò tó! Abala 167 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba adájọ́ láyè láti ka ẹni tí wọ́n bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ kété lẹ́yìn tí wọ́n jí i sí olè, tàbí sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ rà á, àfi tó bá lè ṣàlàyé bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Níbo lo ti fẹ́ rí àlàyé yẹn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí o ti ra ẹrù lọ́wọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn? Inú ìwé tí o kọ ọ́ sí. Ra ìwé onílà ńlá kan. Gbogbo ọjà tó bá wọlé, kọ ọjọ́ àti aago, orúkọ ẹni tó tà á, fóònù rẹ̀, NIN rẹ̀, irú irin tó jẹ́, kílò rẹ̀ àti iye tí o san. Ya fọ́tò ẹrù náà kí o tó dà á pọ̀ mọ́ òkìtì. Tówó bá ti pọ̀, fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni náà, kí báńkì jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ orúkọ, jẹ́ kó gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Má ra ohunkóhun lóru, má sì rà lọ́wọ́ ọmọdé. Ìkòkò ìyá wọn ni wọ́n sábà máa ń gbé wá.

Àwọn ẹrù kan wà tí ìwé kankan ò lè gbà ọ́ lórí wọn: wáyà iná ọba, ara tiransifọ́mà, irin ẹ̀gbẹ́ afárá, irin rélùwéè. Ta ló ní wọn nílé tí yóò fi tà wọ́n?

Tí ọkọ̀ bá ń kó ẹrù rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Fashina n'Ifẹ̀, kọ ìwé ẹrù fún dírẹ́bà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kó o lọ sókè òkun, má tà fún un, nítorí irin àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó jáde.

Kí o tó ṣílẹ̀kùn, lọ kí DPO àdúgbò rẹ, mú ẹ̀dà ìwé káńsù rẹ lọ, kí o sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ sílẹ̀ kí wọ́n lè pè ọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹrù tó sọnù.