Ẹ Bi Wá Léèrè: Ṣé Ọlọ́pàá Lè Kó Wa Kí Ìwọ́de Tó Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí a ti máa ń ka ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá, ẹnì kan ní bí ìdíje ńlá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọlọ́pàá òyìnbó náà máa ń kó oníwọ́de kí wọ́n tó jáde nílé. Àwọn yòókù ní irọ́ ni, pé ọ̀dọ̀ wa níbí nìkan ni irú ẹ̀ wà. Ta ló jàre?
— Alàgbà kan, Mọ́kọ́lá

Bàbá, ẹni àkọ́kọ́ ló jàre. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i ló yàtọ̀. Ní Rio de Janeiro, ọjọ́ 12 oṣù Keje 2014, nígbà tó ku ọ̀la kí Jámánì àti Ajẹntínà kojú ara wọn nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ọlọ́pàá lọ kó àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní rògbòdìyàn ni àwọn yẹn ń gbèrò fún ọjọ́ kejì.

Ní Paris ní 2024, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì, wọn kò tilẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin kan tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní 2017 nítorí àwọn apániláyà gba mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé láàyè láti fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹnì kan má kúrò ní ìlú tó ń gbé, kí ó sì máa yọjú sí àgọ́ ọlọ́pàá lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ni yóò wá adájọ́ lọ.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kí ẹ fi ọkàn sí, nítorí bẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìdíje Òlíḿpíìkì 2012 bẹ̀rẹ̀, ọlọ́pàá ní kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń rìn lóṣooṣù má kọjá sí apá àríwá odò Thames. Wọ́n kọjá, wọ́n sì kó 182 nínú wọn. Díẹ̀ ni wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́ nígbẹ̀yìn. Àmọ́ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ mọ́ bẹ́ẹ̀lì wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi ìdíje. Ẹni tí kò jẹ̀bi kankan ti di ẹni tí wọ́n lé sẹ́yìn títí ìdíje fi tán.

Èyí tó burú jù ni ti Òlíḿpíìkì Beijing, 2008. Ìjọba Ṣáínà ya ọgbà ìgbafẹ́ mẹ́ta sọ́tọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀hónú hàn kí ó wá gba àṣẹ. Ìwé ìbéèrè 77 ló wọlé. Wọn kò fọwọ́ sí ẹyọ kan. Ìyá arúgbó méjì tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún lọ béèrè, ni wọ́n bá dá ẹ̀wọ̀n iṣẹ́ ọdún kan fún wọn, kí wọ́n tó wá fagi lé e lẹ́yìn tí ariwo ta. Lójú tiwa, orúkọ àwọn tó ń bínú ni wọ́n fi ọgbà yẹn kó jọ.

Bí ìdíje àgbáyé bá tún wá sí Ìbàdàn, bí ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ tó wá sí pápá ìṣeré Liberty ní 1999, ṣé òfin gbà kí wọ́n mú wa ṣáájú?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbọ́wọ́

Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ṣí ilẹ̀kùn méjì fún ọlọ́pàá: bí wọ́n bá fura pẹ̀lú ìdí tó múná dóko pé o ti dá ọ̀ràn, tàbí bó bá pọn dandan láti dènà kí o má dá a. Ilẹ̀kùn kejì ni wọ́n máa ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ojú ti gómìnà níwájú àlejò kì í ṣe ọ̀ràn. Páálí tí a kọ nǹkan sí kì í ṣe ọ̀ràn. Abala 40 ló fún wa ní ẹ̀tọ́ láti péjọ.

Nítorí náà, ìbéèrè ẹyọ kan ni kí o bi wọ́n, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: ọ̀ràn wo ni? Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ ní èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀, ní èdè tí o gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá lo gbọ́, Yorùbá ni. O lè dákẹ́ títí lọ́yà rẹ tàbí ẹni tí o fẹ́ yóò fi dé. Má fọwọ́ sí ohun tí wọn kò kà fún ọ, pàápàá ìwé tó ní o kò ní jáde mọ́.

Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé ọ débẹ̀. Kò sí àdúgbò kan ní Ìbàdàn tí ilé ẹjọ́ Ìyágankú jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì: wọn á mú ọ nígbà tí ilé ẹjọ́ ti pa dé, wọn á ní ó di Ọjọ́ Ajé. Ẹ ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé abala 46 gbà kí ẹni tí wọ́n fẹ́ tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lọ sí ilé ẹjọ́ gíga kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù lásán kò tó o. Mú ìwé ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ohùn tí o gbà sílẹ̀ dání. Adájọ́ kò sì ní sọ pé kí ọlọ́pàá má mú ọ láé.

Ṣé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí a tó ṣe ìwọ́de?
— Oníṣọ̀nà kan, Òkè-Àdó

Rárá. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ ní 2007, nínú ẹjọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP. Òfin Ọlọ́pàá 2020 ní bí ẹ bá ti fi tó wọn létí, ojúṣe wọn ni láti pèsè ààbò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíkọ “a ń tọrọ àṣẹ”. Ẹ kọ “a ń fi tó yín létí”. Ẹ kọ ọjọ́, aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ọ̀nà tí ẹ ó gbà, iye èrò tí ẹ ń retí, àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa darí èrò. Kọmíṣánnà ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́yẹlé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ fi ẹ̀dà fún DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn àdúgbò. Ẹ̀dà kẹta ni tiyín: ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i.

Ìwé nìkan kì í dá ọta dúró, ẹ mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, pápá ìṣeré Moshood Abiola ni ilé ẹjọ́ ní kí àwọn ará Àbújá ti ṣe ìwọ́de, ibẹ̀ náà ni ọlọ́pàá ti yin tíágáàsì sí wọn.

Wọ́n wá ọmọ mi wá sílé nítorí ìwọ́de. Kò sí nílé, wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn.
— Ìyá kan, Òjé

Ìyá wa, Òfin Ọlọ́pàá 2020 kà á léèwọ̀ láti mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá sì fi agbára mú bàbá, kí ó má bá wọn jà. Ẹ wo orúkọ àyà wọn àti nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹni méjì tẹ̀ lé wọn dé tẹ́ṣàn kí ẹ lè mọ ibi tó wà. Legal Aid Council wà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni bẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá béèrè owó, ẹ ní kí ó já rìsíìtì.