Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Lẹ́tà X àti Y Lórí Ìwé Àyẹ̀wò Páténtì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Ìlọrin ni mo sì ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì. Èmi àti olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ mi rí ọ̀nà kan tí a lè gbà ṣe èròjà òògùn amáradẹ̀rọ̀ kan tó ti wà lọ́jà tipẹ́. Dípò potassium carbonate tí àwọn ilé iṣẹ́ ń rà, eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni a fi ṣe amúṣẹ́yá, ìyẹn èròjà tí ń mú kí àwọn èròjà yòókù tètè ṣiṣẹ́ lára wọn. A gba páténtì rẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùṣàwárí, ní Abuja láìsí wàhálà. Kí oṣù 12 tó pé, a tún gbé e gba ọ̀nà àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní PCT. Ìwé àbájáde ìwádìí wọn ti dé báyìí, ó sì ti kó ìdààmú bá wa. Gbólóhùn ẹ̀tọ́ mẹ́sàn-án, ìyẹn gbólóhùn tó ń sọ ibi tí ẹ̀tọ́ wa lórí iṣẹ́ náà dé, ni a kọ. Wọ́n fi lẹ́tà X sí àṣamọ̀ (ìyẹn àkékúrú ọ̀rọ̀ inú) iṣẹ́ àṣekágbá tèmi fúnra mi, tí ilé-ẹ̀kọ́ ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí a lọ sí Abuja, wọ́n ní ó kan gbólóhùn 1 sí 3. Wọ́n wá fi Y sí ìwé méjì mìíràn, wọ́n ní wọ́n kan gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán: ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa èròjà òògùn náà pẹ̀lú potassium carbonate, èkejì sọ̀rọ̀ nípa eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn kan fi sọ epo ewéko di díṣẹ́ẹ̀lì. Ṣé wọ́n ti kọ iṣẹ́ wa nìyẹn? Báwo ni Abuja sì ṣe fọwọ́ sí ohun tí àwọn wọ̀nyí ń takò?
— Olùkàwé láti Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá orí iná. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná: wọn kò tíì kọ iṣẹ́ yín. Àbájáde ìwádìí àti èrò olùyẹ̀wò tó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà ló dé ọwọ́ yín; kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó tíì ṣe ìpinnu lórí rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ bá yàn ni yóò ṣe ìpinnu náà, ẹ sì ní oṣù 30 láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ní Abuja kí ẹ tó wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ti ilé iṣẹ́ páténtì Yúróòpù jẹ́ oṣù 31. Àkókò ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ láti fi ṣe.

Ní ti Abuja, ìforúkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí àyẹ̀wò. Òfin páténtì wa, tó ti wà láti ọdún 1970, béèrè pé kí àwárí jẹ́ tuntun, kí ìgbésẹ̀ àtinúdá wà nínú rẹ̀ (ìyẹn pé kí ó má jẹ́ ohun tó hàn kedere sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà), kí ó sì ṣeé mú lò nílé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò ní kí akọ̀wé tó ń forúkọ páténtì sílẹ̀ wádìí nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí kí ó tó fọwọ́ sí i. Bóyá ìwé pé, bóyá owó ti wọlé, bóyá àpèjúwe iṣẹ́ àti gbólóhùn ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀, èyí ni ó ń wò. Apá kẹrin òfin náà tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé orí ẹni tó gba páténtì ni ewu rẹ̀ wà, pé ìjọba kò ṣe onígbọ̀wọ́ pé yóò dúró bí ẹlòmíràn bá pè é lẹ́jọ́. Nítorí náà, kò sí ìjiyàn láàárín Abuja àti àwọn olùyẹ̀wò yìí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ iṣẹ́ yín wò títí di ìgbà tí ìwé X àti Y yìí dé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí aspirin níbẹ̀ yẹ kí ó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá ń ṣe òògùn. Ní ọdún 1898 ni ilé iṣẹ́ Bayer ti Jámánì béèrè fún páténtì aspirin lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì fún un láìtú ìwé àtijọ́ wò bóyá ẹlòmíràn ti ṣe é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ láàárín Bayer àti ilé iṣẹ́ Jámánì mìíràn, adájọ́ rí i pé onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kraut ti kọ̀wé nípa èròjà náà láti ọdún 1869, ó sì fagi lé páténtì náà ní ọdún 1905. Ní Jámánì gan-an, wọn kò fún wọn ní páténtì lórí rẹ̀ rárá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún wọn ní ọdún 1900, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Iṣẹ́ kan náà ni, ìdáhùn mẹ́ta ni ó gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka lẹ́tà wọ̀nyí bí ó ṣe yẹ. X túmọ̀ sí pé ìwé kan ṣoṣo náà tó láti dá gbólóhùn ẹ̀tọ́ dúró. Y túmọ̀ sí pé ìwé náà kò lè dá a ṣe, àfi bí a bá so ó pọ̀ mọ́ òmíràn, tí ìsopọ̀ náà sì jẹ́ ohun tí yóò hàn kedere sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá rí A, ìyẹn ni ìwé tó kàn ń fi ibi tí ìmọ̀ dé hàn, kò sì ṣe yín ní ibi.

X ni ó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé ọwọ́ ara yín ni ó ti wá. Ohunkóhun tí gbogbo ayé bá ti lè kà kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀ kì í ṣe tuntun mọ́, ẹni yòówù kí ó kọ ọ́. Òfin Yúróòpù kì í fojú fo iṣẹ́ tí olùṣàwárí fúnra rẹ̀ gbé jáde, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀ pẹ̀lú ìwà àbòsí. Òfin tiwa náà kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀: oṣù mẹ́fà péré ni, fún iṣẹ́ tí a pàtẹ níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí, àṣamọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí lára rẹ̀. Ìyẹn ni pé gbólóhùn 1 sí 3 nínú páténtì Abuja tí ẹ ní lọ́wọ́ lè wó lulẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Amẹ́ríkà wà lára ibi tí ọ̀nà ti là fún yín níhìn-ín, nítorí pé òfin wọn fún olùṣàwárí ní ọdún kan lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá gbé iṣẹ́ jáde, oṣù méjì tiyín sì wà nínú rẹ̀. A ń fi èyí bẹ gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin, ní Màlété àti ní Òmù-Àrán: ẹ ní kí ilé ìkàwé dá àṣamọ̀ yín dúró títí ẹ ó fi gba ọjọ́ ìfìwésílẹ̀. Ó ṣeé béèrè, wọ́n sì máa ń gbà.

Àṣamọ̀ yín, bí ẹ ṣe sọ, kò kan gbólóhùn 4 sí 9. A rò pé níbẹ̀ ni ẹ ti sọ bí eérú náà ṣe gbóná tó nígbà tí ẹ ń sun ún àti ìwọ̀n tí ẹ dà sínú èròjà. Ibẹ̀ ni ìjà yín kù sí, Y sì ni ẹ ó bá jà.

Ẹ wo wàràkàṣì tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé wá tà ní Ìlọrin. Omi ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú kí mílíìkì màlúù dì. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ mú un dì, tuntun lè ni lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ohun kíkan ń mú mílíìkì dì yóò ní òun ì bá ti ronú kàn án. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá sá ewé bòmubòmu sí ìwọ̀n ooru kan, tí wàrà rẹ̀ sì pẹ́ nílẹ̀ láìkan ní ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ àtinúdá nìyẹn. Ewé kan náà ni, wàrà kan náà ni. Àbájáde tí a kò retí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tí olùyẹ̀wò yín ń sọ nìyí: potassium carbonate ń ṣe iṣẹ́ yìí, eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún fún potassium carbonate, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú sì ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀ láti ayébáyé, kí ni ó wá ku tí onímọ̀ kẹ́mísírì kò lè ronú kàn? Bí eérú yín bá ṣe bí potassium carbonate ti ń ṣe, láìlé láìdín, òótọ́ ni olùyẹ̀wò sọ, a kò sì ní tàn yín. Pé ó dínwó kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ fi méjèèjì ṣe iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ìwọ̀n potassium kan náà, ooru kan náà àti wákàtí kan náà, kí ẹ sì wọn ohun tó jáde àti ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀. Bí eérú bá bu ìdọ̀tí kù tàbí bí iye òògùn tó jáde bá fi púpọ̀ ju ti èkejì lọ, bóyá nítorí nǹkan mìíràn tó wà nínú eérú, ẹ ti ní ohun tí ẹ ó fi dáhùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bà yín lọ́kàn jẹ́ pé òògùn náà ti pẹ́ láyé. Ọ̀nà ni àyẹ̀wò yìí ń wò. Ilé iṣẹ́ Boots ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè fún páténtì ibuprofen ní ọdún 1961, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sì fi ń ṣe é, nínú èyí tí ìdá 40 péré nínú 100 lára ìwọ̀n àwọn èròjà tí wọ́n dà pọ̀ ń wọ inú òògùn, tí ìyókù sì ń di pàǹtírí. Lẹ́yìn tí páténtì orí òògùn náà ti kú, ilé iṣẹ́ BHC mú ọ̀nà onígbèésẹ̀ mẹ́ta jáde, tó gbé ìdá 40 náà dé 77, wọ́n sì gba páténtì lórí ọ̀nà yẹn. Ìyípadà ooru nìkan náà lè tó. Tu Youyou ní Ṣáínà rí i ní ọdún 1971 pé sísè ni ó ń ba agbára ewé tó ń wo ibà jẹ́. Ó lo ether, tó ń hó ní nǹkan bí 35°C, láti yọ èròjà rẹ̀, artemisinin tó wà nínú òògùn ibà òde òní sì ti ibẹ̀ jáde. Wọn kò gba páténtì lórí rẹ̀, nítorí pé ọdún 1985 ni òfin páténtì Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí olùyẹ̀wò òní bá ní ooru lásán ni wọ́n yí padà, èsì rẹ̀ yóò rọrùn: ọ̀nà gbígbóná kò mú òògùn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jáde, ọ̀nà tútù mú un jáde.

Ohun kan tún kù tí olùyẹ̀wò kò tíì kọ, tí a sì mọ̀ pé yóò kọ. Eérú kò dọ́gba. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí ilẹ̀ Òmù-Àrán àti ti ẹ̀bá odò lápá Pàtígi kò ní potassium kan náà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú àti èèpo èyí tó ti pọ́n kò sì rí bákan náà nínú iná. Páténtì jẹ́ pàṣípààrọ̀: ẹ ó kọ́ ayé ní iṣẹ́ náà dáadáa débi pé onímọ̀ mìíràn lè ka ìwé yín kí ó sì ṣe é láṣeyọrí, ayé yóò sì fi í sílẹ̀ fún yín fún 20 ọdún. Bí àpèjúwe yín kò bá sọ bí a ṣe ń mọ eérú tó dára yàtọ̀, iye potassium tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ àti wákàtí tó lò nínú iná, ẹ ó jìyà rẹ̀. Ẹ kò sì lè fi kún un mọ́. Ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ ìfìwésílẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ ní; ẹ lè gé gbólóhùn ẹ̀tọ́ kúrú sí orí nọ́ńbà tó ti wà nínú àpèjúwe, ẹ lè mú àbájáde ìdánwò tuntun wá láti ti ohun tí àpèjúwe ti sọ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ kò lè gbé ọ̀rọ̀ tuntun wọ inú rẹ̀.

Bí ìdánwò ẹ̀gbẹ́-mọ́-ẹ̀gbẹ́ yẹn bá wá fi ohun kan hàn tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ rárá, ẹ fi ìwé mìíràn sílẹ̀ fún un kí ẹ tó sọ ọ́ níbi àpérò kankan. NOTAP, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìgbélárugẹ rẹ̀, ti dá ẹ̀ka ìmọ̀ràn sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, ẹ béèrè ti ilé-ẹ̀kọ́ yín. A yìn yín pé ẹ kò dárúkọ èròjà òògùn náà fún wa.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ilé ìtajà òògùn ní Ọ̀fà. Wọ́n sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan ti gba páténtì lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe òògùn kan tí mò ń tà. Bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá ṣe òògùn kan náà, ṣé mo lè tà á?
— Apòògùn, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Páténtì ọ̀nà ń dáàbò bo ọ̀nà náà àti òògùn tó bá ti inú ọ̀nà náà gan-an jáde. Òògùn kan náà tó gba ọ̀nà mìíràn wá kì í ṣe tirẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni Íńdíà lò láti ìgbà òfin rẹ̀ ti ọdún 1970 títí di ọdún 2005: wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní páténtì lórí òògùn fúnra rẹ̀, ọ̀nà nìkan ni, àwọn onímọ̀ wọn sì ń wá ọ̀nà mìíràn sí òògùn kan náà, èyí tó wà lára ohun tó mú kí òògùn wọn dínwó. Kí ẹ wá ṣọ́ra níbì kan: bí òògùn náà bá jẹ́ tuntun nígbà tí wọ́n gba páténtì ọ̀nà rẹ̀, ilé ẹjọ́ lè gbà pé ọ̀nà náà ni a fi ṣe é, àfi bí ẹni tó ṣe é bá fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Nítorí náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń kó o fún yín, tó sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí kò dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí pé ohun tí NAFDAC ń wò ni bóyá òògùn náà dára fún ara, kì í wo ẹni tó ni ọ̀nà rẹ̀.