Èsì: Ṣé lóòótọ́ ni Vin Scully fi ọdún 67 bá tíìmù kan ṣoṣo ṣiṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè pé ṣé lóòótọ́ ni Vin Scully fi ọdún 67 ṣe kọmẹntétọ̀ bésíbọ́ọ̀lù fún tíìmù kan, òótọ́ pọ́ńbélé ni o. 1950 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dodgers nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Brooklyn, ní New York, abẹ́ Red Barber, ọ̀gá kọmẹntétọ̀ ibẹ̀, ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí tíìmù yẹn wá kó lọ sí Los Angeles ní 1958 ó bá wọn lọ, kò sì kúrò títí di 2016. Ó ṣiṣẹ́ fún CBS àti NBC, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, náà, àmọ́ Dodgers ni ilé ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹrin 1974 tí Hank Aaron, agbábésíbọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, gbá home run (kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá) rẹ̀ ìkarùndínlógún lé ní ẹgbẹ̀rin dín ọgọ́rùn-ún (715), tó fi kọjá rẹ́kọ́ọ̀dù Babe Ruth, ìlúmọ̀ọ́ká agbábésíbọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, Scully kàn dákẹ́ ni, ó jẹ́ kí ariwo èrò máa lọ, ìgbà tó wá lanu, ohun tó sọ ni pé èèyàn dúdú ni wọ́n dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún yìí, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbẹ̀ yẹn. Orí mi máa ń wú ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn ará Los Angeles a máa gbé rédíò kékeré wá sí pápá, wọ́n ń fojú ara wọn wo géèmù, síbẹ̀ ohùn ẹ̀ ni wọ́n ṣì fẹ́ gbọ́. Ẹni ọdún 94 ni nígbà tó kú ní 2022. Ẹ wá ti 1974 yẹn lórí YouTube, ẹ fetí sí ibi tó ti dákẹ́ yẹn dáadáa.