Òùngbẹ ń gbẹ mí, ọmọ mi ní "Ẹ pẹ̀lẹ́"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin mi ti gba ìtọ́jú schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kó máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé, kì í dọ̀bálẹ̀, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Lánàá mo ní, "Òùngbẹ mà ń gbẹ mí o." Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ó sì jókòó síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní àfojúdi ni. Ṣé lóòótọ́ ni? Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ bá mi bẹ bàbá kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú. Aláfojúdi wo ló ń sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà"? Ó gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Èyí tí ẹ kò sọ ni kò gbọ́.

Àìsàn náà ni. Ohùn tí wọ́n ń gbọ́ a máa gbóògùn, ṣùgbọ́n kéèyàn mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, kó mọ ìgbà tó kàn án láti fèsì, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fi òwe yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú mi ni dókítà kan ṣe bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìtumọ̀ "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ó ronú títí, ó ní, "Ìyá ọmọ yẹn ò pọ̀n ọ́n dáadáa ni." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. (Èmi ò tilẹ̀ gba àyẹ̀wò yẹn gbọ́ tán. Ọmọ tí wọ́n fi òyìnbó tọ́ ní Lẹ́kí náà lè dáhùn bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á sì dá ṣáṣá.)

Bí ojú rẹ̀ bá le, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ rìn, tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, oògùn àìsàn yìí, bíi haloperidol, lè fà á. Ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má fúnra yín dá oògùn náà dúró.

Nílé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fọ́mọlúàbí, ẹ sọ odindi rẹ̀ fún un: "Jọ̀ọ́, bu omi wá fún mi." Ẹ má to iṣẹ́ mẹ́ta léra. Kí ẹ sì dákẹ́ dè é, èsì rẹ̀ lè pẹ́ kó tó jáde. Bí àlejò bá ń bọ̀, ẹ ti wí fún un ṣáájú: "Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ń bọ̀ láago mẹ́rin. Kí wọn, kó o wá máa wọlé lọ." Ìyẹn náà tó.

Ní ti bàbá, ìwádìí tí George Brown, onímọ̀ nípa àwùjọ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1972, fi hàn pé ilé tí wọ́n bá ti ń ta ko aláìsàn ṣáá, àìsàn yìí tètè ń padà síbẹ̀. Ẹ mú bàbá dání lọ sí kílíníìkì lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún yín, kí dókítà bá wọn sọ ọ́.