Ọmọ mi to gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ló dé tí máàkì rẹ̀ kéré?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọbìnrin mi wà ní SS2 ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Òṣogbo, ẹ̀kọ́ ìtàn ló sì fẹ́ràn jù. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe kọjá, wọ́n gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ kan fún wọn: òyìnbó gìrìwò kan ló yakata lórí ilẹ̀ Áfíríkà, tó na waya lọ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí ayàwòrán náà ń wí, máàkì mẹ́fà. Ọmọ mi kọ ojú ewé kan gbáko, méjì ni wọ́n fún un. Mo ka ohun tó kọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo ti fi ṣọwọ́ sí yín. Ṣé kí n lọ bá tíṣà rẹ̀ ni? Ìyá kan, Ìgbọ̀nà.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lọ, ìyá. Mo ti ka ìwé ọmọ yín, bó bá jẹ́ èmi ni, méjì náà ni mo máa fún un. Ó ní ọkùnrin náà wọ bàtà gíga, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó mú fìlà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè, ìkejì wà nísàlẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìdánwò kalẹ̀ náà lójú. Ó ti rí bàtà yẹn kí ó tó gbé àwòrán fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé wò ó. Bí ẹnì kan láyé àtijọ́ bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tó fi ránṣẹ́ sí yín, tí ẹ wá ń sọ fún ìránṣẹ́ pé "owó ẹyọ ni, mẹ́fà ni, ó funfun", ẹ kò tíì ka àrokò náà. Ẹfà ni. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ń wí pé ọkàn òun fà sí yín. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ ni, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì jọ. Àrokò ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìṣèlú. Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́, àwọn kan ló fi ránṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ kan sì wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn tí gbogbo wọn jọ mọ̀. Ohun tí ìbéèrè yẹn fẹ́ gbọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú tí ère tí Àdùnní Olóòrìṣà (Susanne Wenger) mọ wà nínú igbó Ọ̀ṣun, ó yẹ kí èyí yé yín ju ẹnikẹ́ni lọ: ta ló máa dúró níwájú ère wọ̀nyẹn tó máa ní sìmẹ́ńtì lòun rí?)

Mo mọ àwòrán tí wọ́n fún ọmọ yín. Edward Linley Sambourne ló yà á, ìwé ìròyìn Punch ní Lọ́ńdọ̀nù sì gbé e jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1892. Cecil Rhodes ni ọkùnrin náà, olówó dáyámọ́ńdì tó tún ń ṣe olórí ìjọba Cape ní gúúsù Áfíríkà nígbà náà. Ó ń pète láti na waya tẹligíráàfù láti Cape Town títí dé Káírò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé Káírò, tí wọ́n fi ìkejì lé Cape Town, tí waya sì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. "The Rhodes Colossus" ni wọ́n pe àwòrán náà. Láyé ọjọ́un, ère ńlá kan wà ní erékùṣù Rhodes nílẹ̀ Gíríìsì, ọ̀kan nínú ohun ìyanu méje ayé, àwọn ayàwòrán a sì máa yà á bíi pé ó yakata sórí ẹnu èbúté. Orúkọ erékùṣù àti orúkọ ọkùnrin yìí ló papọ̀. Ẹfà àti fífà náà nìyẹn, àfi pé òyìnbó ló ṣe é.

Bí ọmọ yín bá ti mọ èyí, ìdáhùn rẹ̀ kò ní gùn mọ́. Ó lè kọ ọ́ báyìí: "Ayàwòrán ń wí pé agbára Rhodes ti fẹ́ pọ̀ kọjá ti ènìyàn kan, nítorí ó yà á tóbi débi pé gbogbo Áfíríkà kò ju ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ. Waya ọwọ́ rẹ̀ ni tẹligíráàfù tó fẹ́ nà. Ìbọn èjìká rẹ̀ sì fi hàn pé kì í ṣe waya nìkan ló ń bọ̀." Bàtà àti fìlà kò jẹ yọ rárá. "Nítorí" yẹn ni kó máa wá nínú ìwé ara rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣì ń ka owó ẹyọ ni.

Kó tún wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ yẹn. Lọ́dún 1892 kan náà ni àwọn òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jagun ní Ìmàgbọn, ṣùgbọ́n lójú ayàwòrán Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ òfìfo ni Rhodes dúró lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí èyí, tó sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, máa ń dá tíṣà dúró lórí ìwé rẹ̀.

Ibi tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé pàápàá ti ń ṣubú ni èrò ayàwòrán. Nítorí pé inú wa kò dùn sí ìjọba amúnisìn, wọ́n á kàn kọ pé ayàwòrán kórìíra Rhodes. Níbo ni wọ́n ti rí i? Lójú tèmi, ìyanu àti ẹ̀fẹ̀ ló dà pọ̀ nínú àwòrán yẹn. Ó ń fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì tún ń wò ó tìyanutìyanu. Ẹ wá fi wé èyí tí Sambourne kan náà yà fún Punch kan náà ní oṣù Kọkànlá 1906. Ejò rọ́bà ni, orí Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, ló wà lọ́rùn ejò náà, ó sì ti wé mọ́ ọmọ Kóńgò kan lára, ó ń fún un pa. Èyí kò ní ẹ̀rín nínú. Ọwọ́ kan náà, ìwé ìròyìn kan náà, kí ló dé? Ìwà ìkà orí rọ́bà ní Kóńgò ti di ariwo kárí ayé nígbà náà, òótọ́ ni, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Bẹ́ljíọ̀mù sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọba wọn. Ṣùgbọ́n Leopold kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rọrùn fún Punch láti pe ọba ilẹ̀ ẹlòmíràn ní ejò.

Bákan náà ló rí nílé wa. Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún West African Pilot tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Zik ló ń yà fún. Bí wọ́n bá fún ọmọ yín ní èyí tó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tí kò bá Zik rẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ìwé ìròyìn náà kó tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà rí i.

Àṣìṣe kékeré kan tún wà nínú ìwé rẹ̀. Ó ní ayàwòrán ń kìlọ̀ pé waya náà kò ní dé Káírò. Lóòótọ́, iṣẹ́ náà kò parí títí Rhodes fi kú ní 1902, ṣùgbọ́n ta ló sọ èyí fún Sambourne ní 1892?

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe nílé, ẹ ra ìwé ìròyìn kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Ọlá-Ìyá, kí ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀. Kí ọmọ sọ fún yín lédè Yorùbá ẹni tí wọ́n ń bá wí, ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, àti ohun tí òun rí tó fi mọ̀. Ẹ̀yin ẹ má dá sí i, kódà bó bá ń ṣìnà. Bó bá ti já geere lẹ́nu rẹ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kó tún ti Rhodes kọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ bá ṣì rí bàtà ní ìlà àkọ́kọ́, ẹ dá a padà fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.