Ẹ Bi Wá: Fífọ Bọ́ọ̀sì Nínú àti Lóde

ÌBÉÈRÈ: Bọ́ọ̀sì Hiace wa ń ná Òṣogbo sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ ọjà, èrò máa ń gbé epo pupa àti ẹja wọlé. Epo ti dà sórí síìtì, òórùn ẹja kò sì lọ bó ti wù ká fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Láti ìgbà tí òjò ti dé, inú ọkọ̀ tún ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. – *Ìyá ọlọ́kọ̀, Òkè-Fìà*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Nǹkan mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀ yìí, oògùn wọn kò sì papọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú epo ṣáájú. Bí epo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, ẹ má tíì fi omi kàn án, torí omi á tì í wọnú fóòmù. Ẹ fi etí ṣíbí ha èyí tó wà lókè kúrò, kí ẹ bu láfún tàbí pàùdà ọmọdé bò ó, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Á fa epo mọ́ra. Ẹ gbá a dànù, ẹ tún bu òmíràn sí i, títí ìyẹ̀fun náà kò fi ní pọ́n mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ ó wá po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí ìjẹun kan sínú lítà kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láti etí àbàwọ́n náà wá sí àárín, kó má baà tàn kálẹ̀. Ẹ máa fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́ kí ó fa omi jáde. Ẹ má da omi lé e. Àwọ̀ pípọ́n tó bá ṣẹ́kù, ẹ yọ síìtì náà sínú oòrùn. Oòrùn máa ń pa àwọ̀ epo pupa, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ lára aṣọ tí a sá.

Bó bá jẹ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun ni ẹ ń lò, kò dára fún fóòmù. Ìfófòó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tán nínú fóòmù bọ̀rọ̀. Èyí tó bá kù síbẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ eruku, ni síìtì tí ẹ fọ̀ lónìí á fi tún dúdú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ti ẹja wá kẹ́. Ọṣẹ nìkan kì í ká òórùn ẹja. Ohun kíkan ló ń pa á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja nílé ìdáná. Ẹ po fínẹ́gà funfun ife kan mọ́ omi ife kan, ẹ fín in sí ilẹ̀ ọkọ̀ àti abẹ́ síìtì, kí ẹ nù ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó bá gbẹ pátápátá, ẹ wọ́n baking soda sí i mọ́jú, kí ẹ gbá a láàárọ̀. Ẹ má pò wọ́n pọ̀, torí ọ̀kan á pa agbára èkejì. Lọ́fínńdà kò ṣe nǹkan kan ju pé kó bo òórùn mọ́lẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da Jíìkì mọ́ fínẹ́gà láé. Gáàsì tó ń tibẹ̀ jáde ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa.

Òórùn aṣọ tútù yẹn ló kan wá lóminú jù, nítorí omi ń wọlé níbì kan. Kí ẹ tó fọ ohunkóhun, ẹ wá ibẹ̀ rí. Kí ẹnì kan jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíì máa rọra da omi sí ara ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìṣẹ́jú méjì ní ojú kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà gíláàsì iwájú, ojú ibi tí wọ́n ti jo páànù òrùlé pọ̀, àti rọ́bà ilẹ̀kùn ni omi sábà máa ń gbà. Ẹ tún wo ìdí ilẹ̀kùn: ihò kéékèèké wà níbẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Ẹrẹ̀ pupa ìgboro wa máa ń dí i, omi á sì dúró sínú ilẹ̀kùn. Ẹ fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan là á.

Lẹ́yìn náà, ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ àti kápẹ́ẹ̀tì kúrò pátá, ẹ sá a, ẹ yí i padà. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ páànù ilẹ̀. Bí ó bá mú ọ̀rinrin kankan, ẹ má tíì dá kápẹ́ẹ̀tì padà. Omi tí a bò mọ́lẹ̀ yẹn ló ń dípata láti inú wá, ojú kì í rí i títí ilẹ̀ ọkọ̀ á fi lu.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀dà bọ́ọ̀sì mi ń ṣá, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ là ń fọ̀ ọ́. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ká máa gbé e lọ sétí odò, torí omi ibẹ̀ pọ̀. – *Awakọ̀, Òkè-Bàálẹ̀*

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ̀ ọ́ ló ń ṣá a. Yanrìn ni eruku pupa. Ẹni tó bá fi aṣọ nù ún ní gbígbẹ, tàbí tó ki kànìnkànìn bọ̀ ọ́ kó tó fi omi ṣàn án, ọ̀dà ló ń ha. Ti eruku ọyẹ́ náà nìyẹn. Ẹ fi omi lásán ṣàn án láti òrùlé wá sílẹ̀ ná. Korobá méjì lẹ máa lò: ọ̀kan fún ọṣẹ mọ́tò, ọ̀kan fún omi tí ẹ ó máa fi ṣan fóòmù kí ẹ tó tún kì í bọ inú ọṣẹ. Ẹ ní fóòmù ọ̀tọ̀ fún táyà. Abẹ́ ibòòji ni kí ẹ ti ṣe é, torí bí ọṣẹ bá gbẹ sára páànù nínú oòrùn, ojú rẹ̀ kì í kúrò bọ̀rọ̀. Kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bí kọ́ltà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ Hiace ni tiyín, abẹ́ síìtì iwájú ni ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀rá di alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná), fiúsì àti ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì àti omi díẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ omi alágbára kọjú sí i.

Ní ti odò, rárá o. Omi Ọ̀ṣun ti pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Ẹrẹ̀ kíkúnná lẹ ó máa fi ra ọkọ̀ yín. Epo ọkọ̀ á sì ṣàn sínú odò tó gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá, tí UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Ibẹ̀ ni ayé ń wá lóṣù kẹjọ ọdọọdún. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ eléré ni wá. A kó bẹ́ẹ̀dì àti táńkì omi lítà 50 sínú bọ́ọ̀sì wa. Omi rẹ̀ ń rùn. – *Olórin, Ọjà Ọba*

ÌDÁHÙN: Ẹ jò ó gbẹ, ẹ pọn omi mímọ́ kún un, ẹ da Jíìkì tí kò ní òórùn dídùn sí i, irú èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ṣíbí ìjẹun márùn-ún. Bí tiyín bá lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín in kù. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ títí ẹ ó fi gbọ́ òórùn rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tì í, kó wà mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ jò ó dànù, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án títí òórùn á fi tán. Bí ẹ kò bá ní rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má fi omi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì dúró, kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè fẹ́ sí abẹ́ rẹ̀.